Bí Mo Ti Bẹ̀rẹ̀ sí Rán Aṣọ Ìbora Alábùlẹ̀ fún Ìdílé Wa

Àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ti rí aṣọ ìbora kan lórí ibùsùn ọmọ ọmọ mi ti bi mí léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé níbo ni mo ti rà á, èló sì ni mo rà á. N kò rà á. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi rán an, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí mo ṣe láyé mi. Nítorí ìbéèrè wọn ni mo ṣe kọ ìwé yìí, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì mọ ìdí tí mo fi rò pé iṣẹ́ náà yẹ àwa tí a ń gbé ìlú onílùú.

Irú aṣọ ìbora yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní kúìlìtì. Ìpele mẹ́ta ni ó ní. Ìpele òkè ni a fi àbùlẹ̀ oríṣiríṣi ṣe. A ó gé wọn ní ìwọ̀n kan náà, a ó sì rán wọn mọ́ ara wọn. Ìpele àárín ni ohun tí ń mú ooru wá, ìbáà ṣe òwú, ìbáà ṣe bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Ìpele ìsàlẹ̀ jẹ́ aṣọ kan ṣoṣo tí kò ní iṣẹ́ lára. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá fi abẹ́rẹ́ gún ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n má baà máa yọ̀ kúrò lára ara wọn. Iṣẹ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó tilẹ̀ ń gba sùúrù. Kì í sì í ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Ẹni tí ó bá ti rí ẹ̀kú egúngún rí mọ̀ pé aṣọ lórí aṣọ ni, tí àwọn ọmọ ilé ń fi kún un láti ìran dé ìran.

Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún àwa ará Jọ́ọ̀sì pé aṣọ ìbora wúlò. Ìlú wa yìí ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju òkun lọ, bí ọyẹ́ bá sì dé ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní, ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ dìde lórí ẹní kí oòrùn tó là. Àwọn bàbá wa tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà, tí wọ́n gba Jẹ́bà àti Mínnà kọjá sí Kàdúná, kí wọ́n tó yà gba Kafanchan wá síhìn-ín, a máa sọ fún wa pé òtútù ni ó kọ́kọ́ wá pàdé àwọn ní ibùdókọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òtútù ni ó mú mi gbé abẹ́rẹ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kún ọjà, owó rẹ̀ kò sì pa ènìyàn. Ohun mìíràn ni.

Nínú rògbòdìyàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ilé tí a ń gbé jóná. Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí, a sì ń dúpẹ́. Púpọ̀ nínú yín mọ irú rẹ̀, nítorí ojú ẹ̀yin náà rí i, bóyá ní ọdún náà, bóyá ní 2008 tàbí 2010. Nígbà tí a tún rí ilé mìíràn, a ra àga, a ra ìkòkò, a sì ra aṣọ. Ṣùgbọ́n àpótí méjì ti bá iná lọ. Àwòrán ni ó wà nínú ọ̀kan, aṣọ tí mo ti ń tò jọ láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni ó wà nínú èkejì. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n ìgbà náà ni ó tó yé mi. Ìdílé mi ní aṣọ, a kò ní àkísà. Kò sí ohun kan nínú ilé wa tí ó dàgbà ju ọdún tí a kó wọ inú rẹ̀ lọ.

Ọdún púpọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, bi mí pé, "Màmá àgbà, báwo ni ìyá yín ṣe rí?" Jọ́ọ̀sì ni a bí i sí, kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. N kò ní àwòrán kan tí mo lè nà sí i. Mo fi ẹnu ṣàlàyé fún un títí, bí ìyá mi ti ga tó, bí ó ti ń rìn, bí ó ti ń wé gèlè. Ọmọ náà ń gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé kò rí ohun kan dì mú nínú ọ̀rọ̀ mi.

Níbi tí mo ti ń ro èyí ni ó sọ sí mi lọ́kàn pé aṣọ ẹbí kì í ṣe ti ẹnìkan. Aṣọ tí mo rà fún ìsìnkú bàbá wa ní 1974, ẹ̀gbọ́n mi ra irú rẹ̀, àbúrò mi ra irú rẹ̀, àwọn ìyàwó ilé rà á, àwọn ọmọ àbúrò bàbá wa náà sì rà á. Iná tí ó jó tèmi ní Jọ́ọ̀sì kò jó ti Kánò, kò jó ti Èkó, kò sì jó ti Ògbómọ̀ṣọ́. A máa ń ráhùn lórí aṣọ ẹbí, pé ó ń náni lówó, pé ó ń sọ ènìyàn di ajigbèsè. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe iṣẹ́ kan tí a kì í kà sí i lọ́rùn: ó ń fi ohun kan náà pamọ́ fún wa sínú ogún àpótí ní ogún ìlú.

Mo mú ìwé àti bírò, mo kọ gbogbo ayẹyẹ tí mo lè rántí sílẹ̀, mo sì kọ aṣọ tí a wọ̀ níbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn ará lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò tọrọ odidi aṣọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ àpótí wọn bóyá wọ́n á rí gèlè tàbí fìlà tí wọn kò lò mọ́. Àbúrò mi ọkùnrin ní Kánò fi fìlà àǹkárá tí ó dé níbi ìsìnkú bàbá wa ránṣẹ́; òógùn orí rẹ̀ ṣì hàn ní etí rẹ̀. Ọmọ àbúrò bàbá wa ní Èkó fi bùbá léèsì tí ó wọ̀ níbi ìgbéyàwó mi ní 1978 ránṣẹ́. Ìyá arúgbó kan tí òun àti ìyá mi jọ ṣòwò fún mi ní ìdajì ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ, Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n ya òpó ilé Mápó sí lára. Ó ní ọjọ́ kan náà ni òun àti ìyá mi ra tiwọn. Ọmọ mi abígbẹ̀yìn mú ṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwé rẹ̀ wá, èyí tí a rà fún un lẹ́yìn iná. Bàbá àwọn ọmọ mi kò sọ̀rọ̀, ó kàn wọ yàrá lọ, ó sì mú dàńṣíkí kan jáde. Òun ni ó wọ̀ jáde kúrò nílé ní ọjọ́ náà, òun nìkan sì ni ó kù nínú gbogbo aṣọ rẹ̀ àtijọ́.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò gbà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó wà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni ìró ẹtù ìyá wa wà ní ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè, ó dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "A kì í fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ ìyá ẹni. Bí o bá gé e, kí ni n óò máa pè ní aṣọ ìyá wa?" N kò bá a jiyàn. Òun ni ó tọ́jú ìyá wa dé ojú ikú, èmi sì wà ní àjò. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ìyá sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nílé yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lára mi. Mo ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi," mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó pè mí. Ó ní òun ti kó aṣọ náà síta láti sá a, òun sì wò ó dáadáa. Ẹ̀yin náà mọ bí aṣọ òfì ti rí. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń hun ún. Ìbú rẹ̀ kì í sábà ju ìnṣì mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, lẹ́yìn náà ni a ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí a ó sì rán wọn pọ̀ di ìró. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò mi, ohun tí a rán ṣeé tú. Ohun tí a gé ni kò ṣeé dá padà. Mo ti tú tẹ́ẹ́rẹ́ méjì kúrò létí rẹ̀, mo sì ti ṣẹ́ ìyókù létí padà. Sísọ́ọ̀sì kò kàn án." Ó fi méjèèjì rán ẹnìkan tí ó ń padà bọ̀ láti ìsinmi ọdún. Ohun kan ni ó bẹ̀ mí, pé kí èmi náà má ṣe gé wọn. N kò gé wọn. Àárín gbùngbùn aṣọ ìbora náà ni mo fi wọ́n sí, láti ìgbèrí dé ìgbẹ̀sẹ̀. Gígùn wọn tó yáàdì méjì, èyí tí í ṣe ìnṣì 72, òun náà ni mo sì fi ṣe gígùn gbogbo iṣẹ́ náà.

Ẹni tí ó kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí ni télọ̀ àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa, ọmọ Haúsá, tí gbogbo wa ń pè ní Málàmù. Mo mọ bí a ti ń kan bọ́tìnì àti bí a ti ń ṣẹ́ etí aṣọ, ṣùgbọ́n n kò rán ohun tí ó tóbi tó ibùsùn rí. Nígbà tí mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ ṣe, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn bàbá àwọn mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n ẹṣin ni wọ́n ń rán an fún. Lífídì ni wọ́n ń pè é. Ó jẹ́ aṣọ aláràbarà tí a ki òwú igi àràbà sí nínú, tí a sì fi abẹ́rẹ́ gún títí ó fi le, èyí tí àwọn ẹlẹ́ṣin ogun ń fi bo ẹṣin wọn kí ọfà má baà ráyè wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kánò lè ti rí irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gẹṣin lọ́dún. Málàmù ní, "Màmá, ti ẹṣin ń lé ọfà, tiyín yóò máa lé òtútù." Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú ìlú yìí ti rí, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo jókòó sí kọ́ bí n óò ti rán aṣọ ìyá mi.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó sọ fún mi ni pé kí n fọ gbogbo aṣọ kí n tó gé wọn. Aṣọ òwú máa ń súnkì, ó sì sàn kí ó súnkì nínú ọpọ́n ju kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti rán an tán. Ní ti àdìrẹ, a ní láti fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí aró má baà ran aṣọ funfun. Lẹ́yìn èyí, a gé páálí kan ní ìnṣì mẹ́fà ààbọ̀ níbùú lóòró, a sì fi í ṣe òṣùwọ̀n gbogbo àbùlẹ̀. Bí a bá rán wọn pọ̀, ojú rírán yóò jẹ ìdá mẹ́rin ìnṣì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, yóò sì ku ìnṣì mẹ́fà gééré. Mo to ìlà àbùlẹ̀ mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹtù, mo sì to mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Àbùlẹ̀ 12 ni ó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 96. Kí iye náà má ṣe ba yín lẹ́rù. Yáàdì àǹkárá kan lè mú nǹkan bí 30 jáde. Fìlà àbúrò mi kò mú ju ẹyọ méjì lọ, ṣùgbọ́n méjì náà tó.

Aṣọ tí kò nípọn bákan náà máa ń fa ara wọn. Nítorí náà, a fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ abẹ́ léèsì kí ó tó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àǹkárá. Máṣíìnì ni mo fi rán àbùlẹ̀ pọ̀, mo sì ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú rírán kọ̀ọ̀kan kí n tó lọ sí èkejì. Nígbà tí ìpele òkè parí, a tẹ́ aṣọ ìsàlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìdojúdé, a tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lé e, a sì tẹ́ alábùlẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. A fi òwú rán wọn mọ́ ara wọn ní gbàgẹ̀rẹ̀, láti àárín lọ sí etí, kí ìwúnjọ kankan má baà há sáàárín. Ìgbà náà ni mo wá fi ọwọ́ gún un wẹ́wẹ́ gba ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Níkẹyìn, mo yọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn lára àǹkárá, mo sì fi bo etí rẹ̀ yíká.

Kò yá rárá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ gún un, n kò gún ju ẹ̀gbẹ́ kan ẹtù lọ. Ìka mi wú, títí Málàmù fi fún mi ní òrùka irin tí àwọn télọ̀ máa ń fi bọ ìka. Bí iná mànàmáná bá lọ, bàbá àwọn ọmọ mi a tan tọ́ọ̀ṣì sí i fún mi. Aládùúgbò kan yà wá kí mi, ó ní, "Màmá, ṣé kò sí? Bùláńkẹ́ẹ̀tì mà wà lọ́jà!" Mo dá a lóhùn pé ti ọjà kò mọ orúkọ wa. Láti ẹ̀yìn ọdún Àjíǹde títí wọ oṣù Kọkànlá ni mo fi wà lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé, bí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́, ni orúkọ ń jáde lẹ́nu. Bí mo bá dé orí àbùlẹ̀ ìsìnkú, n óò rántí ẹni tí ó sè fún àlejò, ẹni tí ó sunkún jù, ẹni tí kò lè wá. Ìlú tí mo rò pé mo ti gbàgbé ọ̀nà rẹ̀ ń padà bọ̀ sí mi lọ́kàn lójúlé lójúlé.

Mo ti wá mọ̀ pé àwa kọ́ ni a kọ́kọ́ ronú kan irú èyí. Ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Gee's Bend, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin dúdú tí àwọn baba ńlá wọn jẹ́ ẹrú ní oko òwú ti ń rán irú aṣọ ìbora yìí láti ìran dé ìran, nínú aṣọ iṣẹ́ tí ó ti gbó. Ọ̀kan nínú wọn ni Missouri Pettway. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ní 1942, ó kó aṣọ tí ọkọ náà fi ń ṣiṣẹ́ oko jọ, ó rán wọn pọ̀ di aṣọ ìbora, kí ó lè máa fi í bora, kí ó sì máa rántí ọkọ rẹ̀. Ní 2002, a kó iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin abúlé náà lọ sí ilé ìṣọnà ńlá kan ní Houston fún gbogbo ayé láti wò. Kí ayé tó wò ó, wọ́n ti fi bo ọmọ wọn fún ọdún púpọ̀. Ìyẹn ni ó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Ọmọ ọmọ mi ni ó ń sùn lábẹ́ aṣọ náà báyìí. Ó ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ìwé kíkà. Yóò fi ìka lé àbùlẹ̀ kan, yóò ní, "Ta ni ó ni èyí?" Bí mo bá dá a lóhùn, yóò tún béèrè pé níbo ni onítọ̀hún ń gbé, kí ni ó jẹ́ sí òun, ṣé ó ṣì wà láyé. Ẹ̀gbọ́n mi bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ kan, ọmọ náà sì sọ fún un pé, "Màmá Ògbómọ̀ṣọ́, aṣọ ìyá yín wà láàárín, ó nípọn jù gbogbo rẹ̀ lọ." Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Ó ní, "Ìgbà wo ni ẹ ń mú un wá sílé?" A ti dá ọjọ́. Ìsinmi ilé ìwé tí ń bọ̀ ni, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, mo ní ẹ̀bẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá rán aṣọ ẹbí, ẹ gba ìgékù lọ́wọ́ télọ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ó dà á nù. Ẹ fi ìwé kékeré há a, kí ẹ kọ ọdún, ìlú àti ayẹyẹ sí i, nítorí aṣọ tí kò ní ìtàn kò yàtọ̀ sí ti ọjà. Ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ará yín tí ó wà ní ìlú mìíràn, kí gbogbo rẹ̀ má baà wà ní ojú kan. Ẹ má sì bá ẹni tí kò bá fẹ́ gé aṣọ òkú rẹ̀ jà. Ẹ fún un láyè, bóyá òun fúnra rẹ̀ yóò rí ibi tí ó ṣeé tú.

Mo kí gbogbo àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nínú ẹgbẹ́ wa, mo sì bá àwọn tí wọ́n pàdánù ènìyàn kẹ́dùn. Kí Ọlọ́run má tún jẹ́ kí a rí iná. Èkejì ti wà lórí tábìlì mi, ti àbúrò mi ní Kánò ni. Ìyá tàbí ọmọge tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà lè yà wá sí ilé mi ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Kí ó mú abẹ́rẹ́, sísọ́ọ̀sì àti àkísà tirẹ̀ wá.